Èkó sí Salvador: ẹ má gbára lé wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ yẹn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá ẹni tó bá kúrò ní Èkó ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì lè dé Salvador ní Bahia, ní ilẹ̀ Brasil, kí ọdún Yemọja ti ọjọ́ 2 tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé íntánẹ́ẹ̀tì sọ fún yín pé nǹkan bí kìlómítà 5,090 ló wà láàárín ìlú méjèèjì, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ lójú òfuurufú. Òótọ́ ni iye kìlómítà yẹn, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ti Èkó sí London lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí èmi lọ, ẹyẹ nìkan ló lè fò ó tààrà.

Ìlà oòrùn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ, sí Addis Ababa ní Ethiopia, nǹkan bí kìlómítà 3,900, kí a tó yí orí padà sí ìwọ̀ oòrùn, tí a sì fi bíi wákàtí méjìlá dé São Paulo. Láti ibẹ̀ dé Salvador tún ku kìlómítà 1,450. Gbogbo rẹ̀ lé ní 15,000.

São Paulo ni ojú mi ti rí màbo. Ọ̀gbẹ́ni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún mi, tó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀jọ̀gbọ́n ìrìn-àjò, fi wákàtí méjì péré sáàárín ọkọ̀ méjèèjì, ó sì ra ti Salvador lọ́tọ̀. Kò sọ fún mi pé São Paulo ni èèyàn ti ń wọ Brasil, pé èmi fúnra mi ni yóò gba ẹrù mi, tí n ó gbé e kọjá lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè, kí n tó tún un fi sílẹ̀ fún ọkọ̀ kejì. Ìlà àwọn tó ń dúró de òǹtẹ̀ gbà mí ní wákàtí kan ó lé. Aṣọ́bodè kan wá tú ọ̀rá èlùbọ́ mi, ó fi ìka kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀, ó pe ẹnì kejì, ẹnì kejì pe ẹ̀kẹta, gbogbo wọn ń sọ Potogí, èmi sì dúró bí òpó, títí ẹnì kan fi ní “inhame”, tí mo kàn ń mi orí láìmọ̀ pé iṣu ló ń wí. Ọkọ̀ ti lọ. Obìnrin orí káńtà kò tilẹ̀ gbójú sókè tó fi ní tíkẹ́ẹ̀tì mi kò so mọ́ èyí tó gbé mi wá, kí n lọ ra òmíràn. Orí àga irin ni mo sùn. Aago méjì ọ̀sán Mọ́ńdè ni mo kúrò ní Èkó. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Wẹ́sìdeè ni mo dé Salvador, ìyẹn aago méjì ọ̀sán tiwa. Wákàtí 48 gééré.

Ọ̀nà Lisbon ní ilẹ̀ Potogí wà, ọkọ̀ ń lọ tààrà láti ibẹ̀ sí Salvador, ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ń béèrè fún físà ìrékọjá, bí ẹ kò tilẹ̀ ní jáde ní pápákọ̀. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ọkọ̀ wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, kí wákàtí márùn-ún sì wà láàárín wọn ní São Paulo. Ẹ má wulẹ̀ di epo pupa o: ó kún Bahia, dendê ni wọ́n ń pè é, òun ni wọ́n fi ń dín àkàrà tiwọn.

Ní ti ọjọ́ tí ẹ béèrè, ọjọ́ 1 ti pẹ́ jù. Ẹ gbéra ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní. Bí ọkọ̀ bá já yín sílẹ̀ bíi tèmi, ẹ ó ṣì dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ 1.