Ṣé òótọ́ ni ètò dìgírì méjì fún injinníà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbógbó ní Ìkòròdú níbí ni mò ń gbé, òkìríkà ni mò ń tà ní ọjà Sábó. Àwọn ìbejì mi wà ní SS2. Kẹ́hìndé ní accounting lòun fẹ́ kà, ìyẹn ò yọ mí lẹ́nu, Táíwò ló ní injinníà lòun máa ṣe. Àbúrò bàbá wọn tó wà ní Amẹ́ríkà wá sọ fún un lórí fóònù pé ètò kan wà tọ́mọ á fi lo ọdún mẹ́ta ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, ọdún méjì ní yunifásítì míì, á sì gba dìgírì méjì. Ẹ́jẹ́ǹtì kan ládùúgbò gbọ́ sí i, ló bá ní kí n san owó wá, pé àyè Táíwò ti dájú títí dé yunifásítì kejì. Ṣé òótọ́ ni? Kí lọmọ mi á máa kà báyìí?
— Ìyá Ìbejì, Ìgbógbó

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Ìyá Ìbejì. Òótọ́ ni ètò yẹn, ẹ́jẹ́ǹtì yẹn ni mi ò gbà gbọ́.

Ohun tí wọ́n ń pè é ni 3-2. Kọ́lẹ́ẹ̀jì (ní Amẹ́ríkà, skúùlù tó ń fúnni ní dìgírì ni) tí kò ní ẹ̀ka injinníà ló máa ń bá yunifásítì tó ní in wọ àdéhùn, ọmọ á ka físíìsì tàbí máàsì tàbí kẹ́mísírì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì fọ́dún mẹ́ta, á wá kọjá sí yunifásítì lọ ka injinníà fọ́dún méjì, wọ́n á fún un ní dìgírì kan níbí, kan lọ́hùn-ún. Kì í ṣe nǹkan tuntun, Georgia Tech, yunifásítì tó ní injinníà, àtàwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì aláwọ̀ dúdú ní Atlanta ti ń ṣe é láti 1969. Morehouse wà níbẹ̀, ọkùnrin ni tiwọn, Spelman náà wà níbẹ̀, obìnrin ni tiwọn (ẹ ò sì sọ fún wa bóyá ọkùnrin ni Táíwò àbí obìnrin o). Columbia ní New York náà ní tiẹ̀, Combined Plan lorúkọ ẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ wà ni pé wíwọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àkọ́kọ́ kì í ṣe wíwọ yunifásítì kejì. Máàkì ọmọ náà ní ọdún mẹ́ta yẹn ni wọ́n máa wò, àti bóyá ó ti ka gbogbo kọ́ọ̀sì tí wọ́n ní kó kà tán, torí náà kò sẹ́nì kankan tó lè jókòó sí Ìkòròdú lónìí kó ní àyè ti dájú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í kọjá rárá, wọ́n á kúkú lo ọdún kẹrin níbi tí wọ́n wà, wọ́n á gba dìgírì físíìsì jáde. Dìgírì gidi nìyẹn náà, àmọ́ kì í ṣe ti injinníà.

Máàsì ló sì máa ń dá wọn dúró jù. Wọ́n á ka Calculus (ẹ̀ka máàsì tó ń wo bí nǹkan ṣe ń yí padà) kìíní, ìkejì, ìkẹta, lẹ́yìn náà differential equations, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì ni, èèyàn ò lè fò ó, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì máa ń gba sẹ̀mẹ́sítà kan, ìyẹn ti jẹ ọdún méjì. Físíìsì tí wọ́n máa kà náà ń lo calculus yẹn, statics (ẹ̀kọ́ nípa agbára tó ń ṣiṣẹ́ lára ohun tó dúró sójú kan) sì ń dúró de físíìsì. Ẹ wá fi kẹ́mísírì tó ní láàbù sí i, kọ̀ǹpútà prógíráàmù, àti àwọn ìtàn àti lítíréṣọ̀ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àkọ́kọ́ máa fi dandan lé kí wọ́n tó lè fún un ní dìgírì tiwọn. Tí Táíwò bá débẹ̀ tí wọ́n dán an wò, tí wọ́n ní kó lọ bẹ̀rẹ̀ látorí áljẹ́bírà, gbogbo ẹ̀ ló máa sún sẹ́yìn nìyẹn, ọdún mẹ́ta á di mẹ́rin, ta ló sì fẹ́ san owó ọdún yẹn?

Torí náà Further Maths ni kó gbájú mọ́ báyìí, ṣáà ti jẹ́ kó ṣe é ní WAEC, differentiation àti integration tó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ calculus wà nínú ẹ̀ dáadáa, vectors àti mechanics náà wà níbẹ̀. Tí skúùlù wọn ò bá ní tíṣà ẹ̀, ẹ wá ọmọ LASUSTECH (yunifásítì sáyẹ́ǹsì àti tẹkinọ́lọ́jì ìjọba Èkó) kan tó ń ka injinníà kó máa kọ́ ọ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀yìn ilé yín náà ló wà. Khan Academy, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní máàsì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, jẹ́ ọ̀fẹ́, dẹ́tà nìkan ló máa ná yín. Kó máa fọwọ́ tọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ prógíráàmù kọ̀ǹpútà, náà díẹ̀díẹ̀, kò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ owó wá ńkọ́? Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. Sikọ́láṣíìpù tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àkọ́kọ́ bá fún un, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í tẹ̀ lé e lọ sí yunifásítì kejì, ibẹ̀ sì máa ń wọ́n jù. Kí ẹ kọ̀wé sí skúùlù méjèèjì, kí wọ́n fèsì sínú íméèlì, ohun tí wọ́n máa fún ọmọ tó ti Nàìjíríà wá ní ọdún kẹrin àti ìkarùn-ún. Físà náà wà ńbẹ̀ o, òfin wọn ń yí lemọ́lemọ́, ẹ wo bó ṣe rí lásìkò yẹn kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ kan.

Ẹ má san nǹkan kan fún ẹ́jẹ́ǹtì. EducationUSA, àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí kíkàwé ní Amẹ́ríkà, wà ní Èkó, ìjọba Amẹ́ríkà ló wà lẹ́yìn wọn, wọ́n á ṣàlàyé fún yín bẹ́ ẹ bá lọ síbẹ̀ tẹ̀yin àti Táíwò.

Kẹ́ ẹ sì ra fọ́ọ̀mù JAMB fún un tó bá dé SS3. LASU ní injinníà, Ẹ̀pẹ́ ni ẹ̀ka náà wà, ọdún márùn-ún náà ni, iye kan náà pẹ̀lú 3-2 yẹn, tó bá sì jáde, ó lè lọ forúkọ sílẹ̀ ní COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn injinníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, láìsí pé ó ń kó ìwé ẹ̀rí òkèèrè káàkiri.