Èsì: Báwo ni ọkọ̀ méjì tó dúró sójú kan ṣe ń kọlu ara wọn?

Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ọmọ yín ń parí ẹ̀kọ́ ní FUTA, ó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ epo lójú òkun, ẹ wá ń bẹ̀rù ìforígbárí ọkọ̀ ìpamọ́ tó ń tú epo àti èyí tó ń gbà á. Ẹ̀rù yín tọ́.

Wọn ò dúró sójú kan o. Ọkọ̀ tó kún rì wọnú omi, ìṣàn ló ń darí rẹ̀. Èyí tó ṣófo ga sókè, afẹ́fẹ́ ló ń gbá a. Bí epo ṣe ń ti inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì, ìwà àwọn méjèèjì ń yí padà. Okùn tó so wọ́n pọ̀ lè dá ọkọ̀ dúró kó má lọ jìnnà, àmọ́ kò lè ní kó má sún mọ́ ìkejì rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì tún wà níbẹ̀. Ní 2006, lójú òkun Norway, ọkọ̀ agbepo Navion Hispania pàdánù agbára rẹ̀, ó sì kọlu Njord B, ọkọ̀ ìpamọ́ tí òun fẹ́ gba epo nínú rẹ̀.

Ní Bonga tiwa, ibi tí wọ́n ti ń wa epo lójú òkun Nàìjíríà, ohun ńlá kan tó léfòó jìnnà sí ọkọ̀ ìpamọ́ ni wọ́n fi ń tú epo, òun ni ọkọ̀ tó ń gba epo ń so mọ́. Ìyẹn dín ìkọlù kù gan-an, ṣùgbọ́n páìpù ibẹ̀ ló jò ní December 2011, ó sì dun àwa tí ẹbí wa ń pẹja ní Ìlàjẹ.

Kí ọmọ yín bi wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́: bí ọkọ̀ méjèèjì bá ń sún mọ́ ara wọn jù, ta ló láṣẹ láti já okùn lóru?