Níbo ló yẹ kí ẹni tó ń kọ́ Rubik's Cube (àpótí kékeré olójú mẹ́fà tí wọ́n ń yí títí ojú kọ̀ọ̀kan á fi ní àwọ̀ kan ṣoṣo) ti bẹ̀rẹ̀?

Ìpele ìpele ni kí ẹ máa tò ó, kì í ṣe ojú kan lẹ́yìn èkejì: ẹ kọ́kọ́ to àgbélébùú funfun (ìyẹn ẹyọ funfun mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àárín funfun), lẹ́yìn náà igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin funfun, kí ẹ tó kan ìpele àárín àti ti òkè.

Ẹyọ tó wà láàárín ojú kọ̀ọ̀kan kì í kúrò níbẹ̀, òun ló sì ń sọ àwọ̀ tí ojú náà máa jẹ́. Ibi tó ti ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ ni pé wọ́n á kó gbogbo funfun jọ, àmọ́ àwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ò ní bára mu. Ẹyọ tó ní funfun àti pupa gbọ́dọ̀ kojú àárín funfun àti àárín pupa lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìpele òkè ló le jù, torí ó gba àwọn ìyípo àkọ́sórí díẹ̀. Kò pọn dandan kéèyàn mọ ìṣirò.

Àmọ́ bí ẹnì kan bá ti tú Cube náà palẹ̀ tó sì tò ó padà bó ṣe wù ú, ó ṣeé ṣe kó má ṣeé yanjú mọ́, àfi kí ẹ tún un tú.