Oṣù kejì rèé lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá mi ò yìn mí, kò bú mi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo sì ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Ìkòròdú ni mò ń gbé, aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni mo sì ń jí. Mo ṣe dáadáa ní yunifásítì, ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́, mi ò mọ ibi tí mo dúró sí. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn ò ní gbà mí wọlé pátápátá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ìdánwò. Owó oṣù kì í sì í tó mi dé ìparí oṣù.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kú ewu ọ̀nà Ìkòròdú. Ẹni tó ń jí láago mẹ́rin àbọ̀ kò gbọdọ̀ ka àárẹ̀ sí ọ̀lẹ.

Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé yunifásítì, nǹkan bí ọdún 16 ni ẹlòmíràn fi ń la ohun tó o máa ṣe sílẹ̀ fún ọ: sáà wọlé, ẹ ṣèdánwò, èsì jáde. Níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tí yóò lẹ èsì mọ́ ògiri. Bí ọ̀gá rẹ bá dákẹ́, ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ló gbà á lọ́kàn. Ìwọ ni kó o lọ bá a. Má bi í pé "Ṣé mò ń ṣe dáadáa?", torí "O ń gbìyànjú" ni wàá gbọ́. Sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, nínú iṣẹ́ tí mo ṣe lọ́sẹ̀ yìí, èwo lẹ fẹ́ kí n ṣe lọ́nà mìíràn?" Kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀, kó o sì fi hàn án lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e pé o ti tún un ṣe.

Èyí tó ń dùn mí jù lọ ni tàwọn ọmọ tó mọṣẹ́, tí wọ́n ń fi iṣẹ́ tó há wọn lọ́wọ́ pamọ́ nítorí ìtìjú. Níléèwé, o lè kàwé mọ́jú ọjọ́ ìdánwò kó o sì yege. Níbi iṣẹ́, ẹlòmíràn ń dúró de ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ. Bó bá ti há, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ti owó, lọ́jọ́ tí owó bá ti wọlé ni kó o yọ owó ọkọ̀ oṣù náà sọ́tọ̀. Yẹ ìwé owó oṣù rẹ wò dáadáa. Ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa yọ ìdá 8 nínú 100 fún owó ìfẹ̀yìntì rẹ, kí àwọn náà sì fi ìdá 10 kún un. Ìwọ fúnra rẹ lo máa yan ilé iṣẹ́ tí yóò tọ́jú owó náà. Bí o ò bá tíì ṣí àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì lọ́dọ̀ wọn, lọ ṣí i lọ́sẹ̀ yìí.