Kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì T'way gba Páríìsì wá sí Èkó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kàwé ní Daegu ní Kòríà, tẹ́ ẹ béèrè bóyá ẹ lè wọ T'way, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Kòríà kan, dé Páríìsì kẹ́ ẹ sì tibẹ̀ wá sí Èkó lówó pọ́ọ́kú: T'way ń lọ Páríìsì láti Incheon, pápákọ̀ òfurufú ẹ̀gbẹ́ Seoul, lóòótọ́, owó rẹ̀ sì sábà máa ń dín sí ti Korean Air. Ṣùgbọ́n ibi tọ́rọ̀ ti ń dojú rú fáwọn ọmọ wa kì í ṣe inú ọkọ̀ òfurufú. Orí káńtà ní Incheon ni, nígbà tí òṣìṣẹ́ bá ṣí pásípọ́ọ̀tù yín tó ní kẹ́ ẹ mú físà Schengen wá, ìyẹn físà tó ń gbani wọ Faransé àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù.

Páríìsì ni tíkẹ́ẹ̀tì T'way parí sí. Tíkẹ́ẹ̀tì Èkó tẹ́ ẹ rà lọ́tọ̀, kò kàn wọ́n. Báàgì ńlá yín máa jáde ní Páríìsì, ẹ sì gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè wọ̀lú kẹ́ ẹ tó lè gbà á, kẹ́ ẹ tún wá fi í sílẹ̀ ní káńtà ọkọ̀ kejì. Láìsí físà Schengen, kò ṣeé ṣe. Àwọn kan á ní àwọn ò ní gbé ju báàgì ọwọ́ lọ, pé àwọn á jókòó sínú pápákọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìyẹn náà ò gbà wá: pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà wà lára èyí tí Yúróòpù ní kó gba físà àfigbapápákọ̀kọjá, bẹ́ ẹ ò tilẹ̀ wọ̀lú. Kádì ìgbélùú Kòríà kò yọ yín nínú òfin yìí. Ti Amẹ́ríkà, Kánádà àti Japáànì wà lára àwọn tó lè yọ èèyàn. Ọkọ̀ tó bá gbé ẹni tí kò ní físà lọ ló máa san owó ìtanràn, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í gba ẹ̀bẹ̀ ní káńtà. Tẹ́ ẹ bá sì ti pàdánù ọkọ̀ àkọ́kọ́, owó tíkẹ́ẹ̀tì kejì ti lọ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa. Ẹ fi owó T'way, owó ọkọ̀ Páríìsì sí Èkó, owó físà tó jẹ́ yúrò 90 láti oṣù Kẹfà 2024, àti owó ẹrù lẹ́ẹ̀mejì lé ara wọn. Lẹ́yìn náà ẹ wo iye tí Ethiopian ń gbà láti Incheon gba Addis Ababa, tàbí Qatar Airways gba Doha. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni, báàgì yín á sì bá yín dé Èkó. Ní tèmi, ẹni tí kò bá ní nǹkan tó fẹ́ ṣe ní Yúróòpù kò gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà T'way.

Tẹ́ ẹ bá ti ní físà ńkọ́? Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọkọ̀, èyí sì ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Boeing 737-800 tó ń gba èrò 189, ìjókòó mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn. Òun ló ń ná Jeju, Osaka, Fukuoka àti Bangkok. Kò lè dé Yúróòpù. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ Yúróòpù ní 2024, Airbus A330 ni wọ́n fi ń rin ọ̀nà jíjìn, oríṣi méjì ló sì wà, ẹ má pa wọ́n pọ̀. A330-300 dé ní 2022, ó ń gba èrò 347, òun ló kó èrò lọ sí Singapore àti Sydney lọ́dún náà. A330-200, márùn-ún, ni wọ́n háyà lọ́wọ́ Korean Air, èyí tó ń gba èrò 246. Ó kúrú ju ìkejì lọ, mítà 58.8 sí 63.7, ṣùgbọ́n ó ní táńkì kan láàárín ikùn tí A330-300 àtijọ́ kò ní. Bíi lítà epo 139,000 ló ń gbà, A330-300 àtijọ́ ń gba bíi 97,500. Èrò díẹ̀, epo púpọ̀: ohun tó ń gbé e dé Páríìsì láìdúró nìyẹn.

Láti 2022 làwọn ọkọ̀ Kòríà kò ti gba òkè Rọ́ṣíà kọjá mọ́. Ṣáínà àti Kazakhstan ni wọ́n ń gbà, wọ́n á kọjá lórí òkun Caspian kí wọ́n tó bọ́ sí Tọ́kì. Ní àlọ, atẹ́gùn ń kọjú sí wọn, ó ń tó wákàtí mẹ́rìnlá. Ní àbọ̀ ó máa ń yá díẹ̀. Nígbà tí T'way fi A330-300 bẹ̀rẹ̀ Zagreb, olú ìlú Croatia, ní oṣù Karùn-ún 2024, Bishkek ní Kyrgyzstan ni wọ́n ti ń dúró rọ epo lálọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni Róòmù, Páríìsì, Barcelona àti Frankfurt tẹ̀ lé e, láàárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá ọdún náà, nítorí pé Yúróòpù ní kí Korean Air fi ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ kó tó lè ra Asiana, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Kòríà mìíràn.

Ọkọ̀ tó lè lọ jìnnà bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ìdádúró rẹ̀ á ran ìlú mìíràn. Ẹ wo irú ọkọ̀ tí wọ́n kọ sí orí tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ tún un wò ní ọjọ́ méjì sí ìrìnàjò. Ẹ má fi wákàtí méjì tàbí mẹ́ta sí àárín ọkọ̀ méjèèjì ní Páríìsì. Ẹ sun ibẹ̀, kó di ọjọ́ kejì.

Ní àbọ̀, òfin Yúróòpù wà lẹ́yìn yín. Ọkọ̀ tó bá gbéra ní Yúróòpù, bó jẹ́ ti Kòríà, tó sì pẹ́ wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dé Incheon, lè san yúrò 600 fún èrò kọ̀ọ̀kan, àyàfi bí ojú ọjọ́ tàbí ohun tó ju agbára wọn lọ ló fà á. Láti Incheon lọ sí Yúróòpù, òfin yẹn kò ṣiṣẹ́ fún ọkọ̀ tí kì í ṣe ti Yúróòpù. Ẹ tọ́jú páálí ìwọkọ̀ yín, kẹ́ ẹ sì kọ aago tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀.

Láti Daegu, T'way ń fò, ṣùgbọ́n kì í ṣe Yúróòpù. Ẹ wọ KTX, ọkọ̀ ojú irin ayára, láti Dongdaegu dé Seoul, kẹ́ ẹ wá wọ AREX, ọkọ̀ ojú irin pápákọ̀, lọ sí Incheon. Ẹ má fi páwà báǹkì sínú báàgì ńlá láéláé. Látọjọ́ 1 oṣù Kẹta 2025, wọn ò gbà á nínú àpótí òkè orí mọ́. Ara yín tàbí abẹ́ ìjókòó iwájú yín ni kó wà, kẹ́ ẹ lẹ téèpù bo ojú ihò rẹ̀. Èyí tó jẹ́ 20,000 mAh jẹ́ 74 Wh (Wh ni ìwọ̀n agbára iná tó ń gbà), kò sí wàhálà. Tó bá ti kọjá 100 Wh, ìyẹn bíi 27,000 mAh, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Tí kò bá sì sí nọ́ńbà kankan lára rẹ̀ mọ́, nítorí pé ó ti pa rẹ́, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín níbi àyẹ̀wò.