Ọmọ mi fẹ́ kọ́ idà sàmúráì: kí ni kí n kọ́kọ́ rà?

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Leeds la wà. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 14, fẹ́ kọ́ bí àwọn sàmúráì, àwọn jagunjagun Japan àtijọ́, ṣe ń lo idà. Ó ti rí ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, £60, ó ní kí n rà á fóun. Àyà mi ń já. Ṣé ẹ̀kọ́ gidi ni, kí sì ni kí n rà? – Ìyá Dámi

Ìyá Dámi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ̀kọ́ gidi ni, àmọ́ ẹ má ra idà yẹn. Idà ọ̀ṣọ́ ni púpọ̀ nínú wọn: irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n jó mọ́ ìdí rẹ̀, tí wọ́n wá fi èèkù bò ó. Ọjọ́ tí ọmọ bá fi agbára jù ú, ó lè já, kí ó fò lọ bá ẹlòmíràn. Òfin tún wà níbẹ̀. Láti 2008 ni wọ́n ti fòfin de títa idà tó tẹ̀, tí irin rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní England, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba bí èyí tí wọ́n fọwọ́ rọ lọ́nà ìbílẹ̀ tàbí èyí tó wà fún eré ìdárayá.

Olùkọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Oríṣiríṣi ni ẹ̀kọ́ idà yìí. Kendo ni wọ́n ti ń fi ọ̀pá oparun bá ara wọn jà, pẹ̀lú akoto àti ìgbàyà. Iaido, ẹnì kan ló ń dá a ṣe: yóò fa idà yọ, yóò gé, yóò ṣe bí ẹni ń gbọn ẹ̀jẹ̀ dànù, yóò dá a padà sínú àkọ̀. Kenjutsu ni ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ bíi Katori Shinto-ryu. Ọmọ tó bá fẹ́ràn ìfigagbága, kendo ni kó lọ. Iaido gba sùúrù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ British Kendo Association nípa ẹgbẹ́ tó wà nítòsí yín, ẹ jókòó wò wọ́n lọ́jọ́ kan kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Tó bá jẹ́ iaido, aṣọ tó fẹ̀, tìmùtìmù orúnkún àti bokuto, ìyẹn idà onígi tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 101, ti tó. Ẹ ra èyí tó ní àkọ̀ oníke, kó lè kọ́ fífà yọ. Iaito, idà aláìmú tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́, ẹ jẹ́ kó yá a lò títí yóò fi ga tán: bó bá dúró, tó sọ apá sílẹ̀, ó yẹ kí ṣóńṣó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, kó má kàn án. Kó tó lò ó rárá, kó fọwọ́ tẹ mekugi wò, èèkàn oparun kékeré tó so èèkù mọ́ irin. Tó bá mì, kó dá a padà fún olùkọ́.

Ọwọ́ òsì ni gbogbo iṣẹ́ wà, òun sì ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kì í kà sí. Ọmọńdinrín òsì àti ìka tó tẹ̀ lé e ló ń di ìdí èèkù mú ṣinṣin. Ọwọ́ ọ̀tún kàn ń darí ni. Ẹni tó bá ń fi ọ̀tún gé, idà rẹ̀ á máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìgunpá á sì máa dùn ún. Nígbà fífà yọ, bí ọ̀tún ti ń lọ síwájú ni òsì ń fa àkọ̀ sẹ́yìn. Bí òsì bá sùn, ojú idà á máa họ inú àkọ̀. Ẹ yẹ ẹnu àkọ̀ iaito, tó jẹ́ onígi, wò: bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun igi, àṣìṣe yẹn ló ń ṣe. Àwọn àgbà ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Lọ́jọ́ tó bá di idà mímú, àkọ̀ tó ti fẹ́lẹ́ á là, ìka tó dì í mú ni yóò gé.

Dídá a padà ló tún léwu jù. Ẹ̀yìn idà á máa yọ́ lọ lórí ọwọ́ òsì, láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, títí ṣóńṣó yóò fi bọ́ sẹ́nu àkọ̀. Ẹni tó bá kánjú á gún ọwọ́ ara rẹ̀, kódà pẹ̀lú iaito, torí ṣóńṣó rẹ̀ mú.

Inú àpò tí wọ́n dè pa ni kó máa gbé e, láti ilé sí kíláàsì tààrà, bó tilẹ̀ jẹ́ onígi. Kó má ṣe é ní pálọ̀, àjà yóò kàn án. Olùkọ́ tó bá sì fún un ní idà mímú lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀. – Bàbá Ṣéun