Má tíì jẹ́ kí wọ́n gé ìjàpá bàbá rẹ

Àbúrò mi ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. O ní Volkswagen ìjàpá tó ń ṣí lórí tí wọ́n fi sílẹ̀ ti wà lójú kan láti ìgbà tí ara wọn ò ti yá, àti pé mẹkáníìkì kan fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì Toyota sí i, kó sì kùn ún ní ọ̀dà tuntun. Mo bẹ̀ ọ́, má tíì gbà fún un. Irú ọkọ̀ yẹn gan-an ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi níhìn-ín ní Iléṣà, irú tí wọ́n ń pè ní 1303, ti ọdún 1974, tí wọ́n rà nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì. Ọdún 19 rèé tó ti wà lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo bà jẹ́ lára rẹ̀ láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, ó pẹ́ gan-an kí n tó rí i tún ṣe.

Kọ́kọ́ gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè. Wàá rí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin gbọọrọ tó la àárín ọkọ̀ já. Bó bá fi 15 bẹ̀rẹ̀, ó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ṣe é ní Osnabrück ní Jámánì nìyẹn, níbi tí ilé-iṣẹ́ Karmann ti ń ṣe irú èyí tó ń ṣí lórí láti 1949 títí di 1980. Bó bá jẹ́ 11 tàbí 13, ọkọ̀ olórùlé irin ni ẹnì kan gé lórí. Ìyàtọ̀ ńlá ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá mi, mo ra tápólì, mo fi bo ọkọ̀ náà pa láti oṣù kẹrin títí di oṣù kọkànlá. Mo rò pé ìtọ́jú ni. Òjò Iléṣà kì í ṣe kékeré, ọ̀rinrin ilẹ̀ ń gòkè, tápólì ò sì jẹ́ kó rí ibi gbà jáde. Nígbà tí mo ṣí i, gbogbo ìjókòó ti funfun bíi búrẹ́dì tó bu, ikán ti jẹ igi tó wà níwájú òrùlé, irin abẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún àti tòsì sì ti dípẹtà débi pé ìka mi wọ inú rẹ̀.

Irin abẹ́ ilẹ̀kùn yẹn ni kí o fara balẹ̀ gbọ́. Nínú ìjàpá yòókù, òrùlé wà lára ohun tó di iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ mú. Tiwa ò ní òrùlé irin, torí náà Karmann fi irin tó nípọn kún abẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì láti ṣe iṣẹ́ yẹn. Jórinjórin tí mo gbé e lọ bá gé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì, kò sì fi ọ̀pá kankan de ẹnu ilẹ̀kùn. Àárín ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Bó ṣe sọ̀ náà ló ṣe jó irin tuntun mọ́ ọn. Nígbà tí mo ní kí n ti ilẹ̀kùn, kò tì. Ó tún gbé fáìlì, ó fẹ́ máa rẹ́ etí ilẹ̀kùn kó lè wọlé! Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Àgbà oníṣẹ́ kan ló gbà mí. Ó gé gbogbo rẹ̀ kúrò, ó ń fi jáàkì gbé àárín ọkọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ títí àyè etí ilẹ̀kùn fi dọ́gba lókè àti nísàlẹ̀. Ó wá jó ọ̀pá irin dábùú ẹnu ilẹ̀kùn méjèèjì, ó parí ẹ̀gbẹ́ kan pátápátá kó tó fọwọ́ kan èkejì. Ẹni tí kò bá lè ṣàlàyé ìyẹn fún ọ, má gbé ọkọ̀ fún un.

Igi tí ikán jẹ yẹn, mi ò dà á nù. Òun ni gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Ìsọ̀kùn wò gbẹ́ òmíràn láti ara ìrókò. Ohunkóhun tó bá jáde lára ọkọ̀ yẹn, bó ti wù kó jẹrà tó, tọ́jú rẹ̀. Má ká òrùlé aṣọ rẹ̀ sẹ́yìn bó bá tutù. Bí o bá fẹ́ gbé ọkọ̀ náà kalẹ̀ fúngbà pípẹ́, jẹ́ kí òrùlé wà ní títì, nítorí aṣọ rẹ̀ máa ń sún kì.

Omi ni ẹ́ńjìnnì Toyota fi ń tutù, wọn yóò gé ara ọkọ̀ láti wá àyè fún rádíétọ̀. Atẹ́gùn ni tiwa fi ń tutù. Kí o tó gbìyànjú láti tan án, fa epo àtijọ́ dànù, kí o pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tí epo ń gbà kọjá: ìjàpá tó ti jóná torí rọ́bà gbígbó ò lóǹkà. Bẹ́líìtì kan ló ń yí fáànù àti jẹnẹrétọ̀. Bó bá já, iná pupa á tàn. Dúró lójú ẹsẹ̀, má ṣe sọ pé kí n ṣáà dé Òṣú.

Ọ̀dà tèmi ti ṣá. Ó ha lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbi tí bàbá mi ti fi gbá òpó ẹnu géètì lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wọlé. Mi ò kùn ún, mi ò sì ní kùn ún.

Kí o tó náwó, jókòó pẹ̀lú àwọn ẹbí. Ìyàwó méjì ni bàbá mi fi sílẹ̀. Àwọn kan ní kí á pín in ní ìdí igi, ìyẹn ní iye ìyàwó, àwọn kan ní orí ò jorí, ìyẹn ní iye ọmọ, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tà á. A wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ mi ló máa wà, pé a ò ní tà á àyàfi tí gbogbo wa bá fọwọ́ sí i, àti pé ọmọ tó bá ń ṣègbéyàwó nínú wa ló máa gbé e. Lẹ́yìn náà ni mo yí ìwé rẹ̀ kúrò ní orúkọ bàbá. Nígbà ọdún Ìwúde Ìjẹ̀ṣà, mo máa ń ṣí òrùlé rẹ̀, màá gbé ìyá mi àti ìyá kékeré jókòó sẹ́yìn.

Lọ wo abẹ́ ìjókòó yẹn lónìí, kí o sọ nọ́ńbà tó fi bẹ̀rẹ̀ fún mi.